Oyin àti Tinú ní Limbe: Ohun tí Ibùdó Ìtọ́jú Ẹranko Ń Kọ́ Àlejò

Àdúrà kan wà tí ọmọ Yorùbá mọ̀, yálà Kétu ni wọ́n ti bí i, tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, tàbí Àjàṣẹ́: odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ. À ń ṣe é fún ẹni tí ń lọ sí ìrìn àjò, kí ó lè lọ ire kí ó sì bọ̀ ire. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe àdúrà yìí mọ ìwà ẹyẹ náà dáadáa. Ó mọ̀ pé odídẹrẹ́ a máa fò jìnnà lọ wá èso jẹ ní òwúrọ̀, bí ilẹ̀ bá sì ń ṣú lọ, a padà sí ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sùn. Lóde òní, oko ìwájẹ gan-an ni ẹyẹ náà ti ń bá ewu pàdé, nítorí ibẹ̀ ni àwọn apẹyẹ ń lẹ àtè mọ́ ẹ̀ka igi dè é. Ibi tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi díẹ̀ tí odídẹrẹ́ tí a gbà lọ́wọ́ apẹyẹ ti lè rí ìwòsàn.

Ibi náà ni ibùdó ìtọ́jú ẹranko ìgbẹ́ tí ó wà ní ìlú Limbe, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù. A kò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí iṣẹ́ ìwòsàn tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìyẹn di ti àwọn oníṣègùn ẹranko. Ohun tí ó kàn wá, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ àṣà, ni apá kejì iṣẹ́ náà: ẹ̀kọ́ tí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ń gba ojú àti etí kọ́ àlejò. Àgò, pátákó, ìtàn tí olùtọ́jú ń sọ, ọ̀nà tí àlejò ń tọ̀ láti ibi kan dé òmíràn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìwé tí a lè kà, tí a sì lè ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe lámèyítọ́ eré onítàn. Èrò wa ni pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ dára nígbà tí ó bá sọ ìtàn ẹranko kan dé òpin, láti ọwọ́ ẹni tí ó mú un títí dé ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ rà á. Bí ó bá dá ìtàn náà dúró sí ọ̀dọ̀ ọdẹ, ó di ilé ẹjọ́ tí ó dá ẹni kan ṣoṣo lẹ́bi, tí ó sì ní kí àwọn yòókù máa lọ sílé ní àlàáfíà.

Ọgbà yí padà, ojú kò yí padà

Limbe jẹ́ ìlú etí òkun ní ẹsẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù, ní apá ibi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè ilé ìwé àti ti ìjọba. Títí di ọdún 1982, Victoria ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Jámánì dá ọgbà ewéko ńlá kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1892, ọgbà náà sì wà títí di òní. Nítòsí ọgbà ewéko yìí ni ọgbà ẹranko ìlú náà wà láyé ìgbà kan. Ní 1993, ìjọba Kamẹrúùnù àti àjọ Pandrillus, àjọ tí ó ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Calabar ní Nàìjíríà ṣáájú ìgbà náà, fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti sọ ọgbà àtijọ́ yìí di ibùdó ìtọ́jú. Láti ìgbà náà wá, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹranko tí àwọn aláṣẹ bá gbà lọ́wọ́ arúfin wá: ìnàkí ńlá tí àwọn elédè Faransé ń pè ní gorille, ṣinpansé, onírúurú ọ̀bọ, ọ̀nì àti ẹyẹ.

Ìyípadà yìí tóbi, ṣùgbọ́n ìṣòro kan fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ibi náà yí padà. Ojú àlejò kò bá a yí. Ẹni tí wọ́n ti mú lọ sí ọgbà ẹranko ní èwe yóò wọlé pẹ̀lú ojú kan náà, ojú ẹni tí ó san owó láti rí nǹkan. Yóò fẹ́ kí ìnàkí lu àyà, yóò fẹ́ kí odídẹrẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹranko bá sùn, yóò máa pariwo kí ó lè jí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àfihàn ní láti ṣe ni kí ó gba ojú yìí lọ́wọ́ àlejò, kí ó sì fún un ní òmíràn.

Pátákó tí ó sọ orúkọ ẹranko ní èdè Látìnì, tí ó sọ oúnjẹ rẹ̀ àti iye ọdún tí ó ń lò láyé, tí ó sì ya àwòrán ilẹ̀ tí ó ń gbé, kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Irú pátákó bẹ́ẹ̀ ni ó wọ́pọ̀ ní ọgbà ẹranko káàkiri ayé. Ohun tí ẹranko jẹ́ ni ó ń sọ. Kò sọ ohun tí ó gbé e dé ibẹ̀. Ní ọgbà ẹranko lásán, ènìyàn lè fi ojú fo ìbéèrè kejì yìí. Ní ibùdó ìtọ́jú, òun ni ọmọ ìyá ọ̀rọ̀, nítorí pé ẹranko tí wọ́n bá gbé dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kò dé lọ́wọ́ òfo: ẹjọ́ kan ń bá a bọ̀.

Àwọn tí a rí àti àwọn tí a kò rí

Ohun kan wà tí àlejò kì í sábà fura sí. Ibùdó ìtọ́jú dà bí ilé ìwòsàn. Ète rẹ̀ ni kí aláìsàn sàn kí ó sì máa lọ. Ẹranko tí a fẹ́ dá padà sí igbó kò gbọdọ̀ mọ ènìyàn mọ́ra, nítorí bí ènìyàn bá ti mọ́ ọn lára, kò ní sá fún ọdẹ tí ó bá kọ́kọ́ pàdé. Nítorí náà, èyí tí ara rẹ̀ ti ń yá, tí ó ti ń múra àtilọ, ni ó yẹ kí a pa mọ́ fún àlejò jùlọ. Àwọn tí a lè fi hàn láìséwu ni àwọn tí kò ní padà sílé mọ́. Àlejò rò pé iṣẹ́ tí ó yọrí sí rere ni òun ń wò. Àwọn tí iṣẹ́ náà kò lè ràn lọ́wọ́ ju báyìí lọ ni ó ń wò. Iṣẹ́ tí ó yọrí sí rere ti wọ inú igbó lọ, ojú kò sì rí i mọ́.

Ìnàkí ni ó fi èyí hàn jùlọ. Ọmọ ìnàkí kì í fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí a bá bí i. Àyà àti ẹ̀yìn ìyá ni ó ń gbé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú un láàyè yóò pa ìyá náà, nígbà mìíràn yóò sì pa àwọn mìíràn nínú agbo tí wọ́n bá dúró jà fún ọmọ wọn. Bí a bá rí ọmọ ìnàkí kan ní ibùdó, ó kéré tán, òkú kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà kò sì kọ́ ohun tí ìyá ń kọ́ ọmọ ní igbó. Kò mọ ewé tí a ń jẹ àti èyí tí a kì í jẹ, kò mọ bí a ti ń bá àgbà agbo gbé. Ìdí nìyí tí dídá a padà fi le tó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi ń lo gbogbo ọjọ́ ayé wọn lẹ́yìn wáyà.

Limbe ni ìnàkí kan tí wọ́n ń pè ní Nyango gbé títí ó fi kú ní 2016. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú irú ìnàkí tí ń gbé ní agbègbè Odò Cross, ní ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Irú wọn tí ó kù nínú igbó kò tó 300, òun nìkan ṣoṣo ni ó sì wà lábẹ́ ìtọ́jú ènìyàn ní gbogbo ayé. Àlejò tí ó dúró níwájú rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ rí ohun tí kò sí ní ọgbà mìíràn kankan. Àfihàn tí ó bá jẹ́ kí irú àlejò bẹ́ẹ̀ lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú pé òun ti rí ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ti kùnà. Èyí tí ó bá jẹ́ kí ó ro ohun tí ó túmọ̀ sí láti gbé ayé láìrí ẹnì kan tí ó jẹ́ irú ẹni, ìyẹn ti kọ́ ọ ní nǹkan. Kò sí nọ́ńbà tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Ó di dandan kí ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Ìtàn àwọn mẹ́rin

Nínú gbogbo ìtàn tí Limbe ní láti sọ, èyí tí a kà sí ọba ni ìtàn ìnàkí mẹ́rin kan, ó sì kan àwa ọmọ Yorùbá ju bí a ti lè rò lọ. Ní 2002, ìnàkí kékeré mẹ́rin gúnlẹ̀ sí ọgbà ẹranko Taiping ní orílẹ̀-èdè Màléṣíà. Nàìjíríà ni wọ́n ti gbé wọn wọ ọkọ̀ òfurufú, wọ́n sì gba Johannesburg kọjá. Ìwé tí ó bá wọn rìn sọ pé ọgbà ẹranko kan ní Ìbàdàn ni wọ́n bí wọn sí. Gbólóhùn kékeré yẹn ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo rẹ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́, tí wọ́n ń pè ní CITES, kò gba òwò ìnàkí tí a mú nínú igbó láyè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ sí ẹranko tí a bí sínú ọgbà. Irọ́ ni ìwé náà. Igbó Kamẹrúùnù ni wọ́n ti mú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nígbà tí àṣírí tú, ìjọba Màléṣíà gba àwọn ẹranko náà, wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà ní 2004. Kamẹrúùnù ní kí wọ́n dá ọmọ òun padà fún òun. Ọ̀rọ̀ náà fà títí. Ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2007 ni wọ́n tó padà dé, tí wọ́n sì gbé wọn lọ sí Limbe. Wọ́n ti lo ọdún márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìdálẹ̀.

Orúkọ wọn ni Izan, Abbey, Tinu àti Oyin. Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa jọ̀wọ́ tún un kà. Tinú. Oyin. Àwọn baba wa sọ pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, wọ́n sì tún sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé wo ni a wò kí ọmọ ìnàkí igbó Kamẹrúùnù tó máa jẹ́ Oyin? Ẹni yòówù tí ó sọ ọ́ lórúkọ, ohun tí orúkọ náà ń wí hàn gbangba: ó ń sọ ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà. Ipa ẹsẹ̀ ni orúkọ náà jẹ́, ipa ẹsẹ̀ ìrìn àjò tí ẹranko náà kò bẹ ẹnikẹ́ni fún. Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá yóò kà á kọjá bí orúkọ tí ó dùn létí. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò dúró, yóò sì béèrè ohun tí èdè ìyá rẹ̀ ń wá lẹ́nu irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ìtàn yìí ni ó yẹ kí ó jẹ́ òpó ilé fún àfihàn ní Limbe, tí gbogbo pátákó yòókù yóò sì rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí a ka iye ọwọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí ó pa ìyá wà níbẹ̀, àti ti ẹni tí ó gbé ọmọ kọjá ààlà. Lẹ́yìn èyí ni ọwọ́ ẹni tí ó kọ ìwé irọ́, ti ẹni tí ó jẹ́ kí ẹrù náà wọ ọkọ̀ òfurufú, àti ti oníṣòwò tí ó so olùrà pọ̀ mọ́ olùtà. Ọwọ́ ọgbà tí ó fẹ́ ìnàkí ni ó kẹ́yìn. Nínú gbogbo ọwọ́ wọ̀nyí, ti ọdẹ ni owó rẹ̀ kéré jù, òun sì ni ojú kọ́kọ́ máa ń rí. Àfihàn tí ó bá gbé àwòrán ọdẹ àti ìbọn rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, tí kò sì fi ìwé, òǹtẹ̀ àti tábìlì ọ́fíìsì hàn, ti sọ ìdajì òtítọ́. Ó sì ti sọ ọ́ fún àwọn tí ó rọrùn fún jùlọ láti gbà á gbọ́, ìyẹn àwọn ará ìlú ńlá, tí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ pé ará oko ni ó ń ba igbó jẹ́.

Ọwọ́ kan ṣì kù tí a kò tíì kà. Kí ni ìdí tí ọgbà kan fi ń fẹ́ ìnàkí? Nítorí pé àwọn ènìyàn ń san owó láti wò ó. Àlejò tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ní Taiping wà nínú ìtàn náà, ojú tí ó fi ń wo ẹranko kò sì yàtọ̀ sí ojú tí àlejò mìíràn ń gbé wọ Limbe. Bí àfihàn bá ní ìgboyà láti sọ èyí fún àlejò ní ojúkojú, a jẹ́ pé ó ti gba ojú àtijọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí Nairobi fi ẹnu sọ

Kí a má bàa rò pé ohun tí kò ṣeé ṣe ni a ń béèrè, ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Limbe fún ìgbà díẹ̀, kí a lọ wo ibi tí wọ́n ti fi ìtàn ẹranko kọ̀ọ̀kan ṣe gbogbo ìpàtẹ wọn. Ní Nairobi, ní Kẹ́ńyà, àjọ tí Daphne Sheldrick dá sílẹ̀ ní 1977 ní ìrántí ọkọ rẹ̀ ń tọ́ ọmọ erin aláìníyàá. Ó ti tọ́ ju 200 lọ. Wákàtí kan péré ni wọ́n fi ń gba ogunlọ́gọ̀ àlejò lójúmọ́, láti agogo 11 sí agogo 12 ọ̀sán. Okùn kan ni ó wà láàárín àlejò àti erin. Àwọn ọmọ erin ń sáré wá mu mílíìkì nínú ìgò ńlá, wọ́n ń yí nínú ẹrẹ̀, olùtọ́jú kan sì ń sọ ìtàn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ, ọjọ́ orí, ibi tí wọ́n ti rí i, àti ohun tí ó sọ ọ́ di ọmọ òrukàn. Wọ́n sábà máa ń fún ọmọ erin ní orúkọ ibi tí wọ́n ti rí i, tàbí orúkọ láti inú èdè àwọn ará ibẹ̀.

Èyí wú wa lórí. Kò sí pátákó tí ó lè ṣe ohun tí ẹnu ń ṣe níbẹ̀. Ènìyàn kan tí ó ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ erin yẹn lóru ni ó dúró tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn olùtọ́jú a máa gba ipò ara wọn láti alẹ́ dé alẹ́, kí ọmọ erin má bàa so ọkàn rẹ̀ mọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí àìsí ẹni náà má bàa pa á. Nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ta, wọn a mú un lọ sí agbègbè Tsavo, níbi tí yóò ti kọ́ bí a ti ń bá erin igbó rìn. Àlejò mọ̀ pé ẹni tí òun ń wò yìí ń lọ sílé. Ohun tí Limbe kò lè fi hàn nípa ìnàkí rẹ̀, Nairobi lè ṣe ìlérí rẹ̀ nípa erin.

Síbẹ̀, àbùkù kan náà wà níbẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Ọmọ erin tí ń mu mílíìkì dùn-ún wò tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní ráyè wo nǹkan mìíràn. Olùtọ́jú lè sọ pé inú kànga ni ọmọ yìí ti bọ́ sí. Kì í sábà sí àkókò láti sọ nípa abúlé tí ó gbẹ́ kànga náà, ohun tí ọ̀dá ti ṣe níbẹ̀, àti ohun tí agbo erin lè fi oko àgbẹ̀ ṣe ní òru kan ṣoṣo. Ìfẹ́ tí àlejò gbé lọ sílé, ti ẹranko nìkan ni. Bí ìtàn Limbe ti lè dúró sí ọ̀dọ̀ ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti Nairobi lè dúró sí ìdí okùn. Ẹ̀kọ́ tí a rí gbà níbẹ̀ ni pé ìtàn ẹnu nípa ẹranko kan lágbára ju tábìlì ìṣirò lọ. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé agbára náà kò tó bí a kò bá sọ ìtàn náà kan àwọn aládùúgbò.

Odídẹrẹ́ àti ìkóódẹ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Limbe, sí àgò odídẹrẹ́. Ní òpin ọdún 2007, nígbà tí àwọn ìnàkí mẹ́rin náà ń padà bọ̀, àwọn aláṣẹ gba odídẹrẹ́ tí ó ju 1000 lọ ní pápákọ̀ òfurufú Douala, wọ́n sì kó wọn wá sí ibùdó náà. Odídẹrẹ́ tí a mú ní àtè kì í dé ní pípé. Lẹ́ẹ̀dì àtè wà lára ìyẹ́ rẹ̀, àwọn apẹyẹ a sì máa gé ìyẹ́ apá rẹ̀ kí ó má bàa fò. Ìyẹ́ tí a gé kì í hù padà bí irun. Ó di ìgbà tí ẹyẹ náà bá pa ìyẹ́ dà kí tuntun tó jáde. Nítorí náà, ìtọ́jú odídẹrẹ́ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó ní òpin tí ó dára: ẹyẹ tí ó bá ti lè fò dáadáa lè padà sí igbó. Limbe ti tú ọ̀pọ̀lọpọ̀ sílẹ̀ báyìí.

Ní 2016, nígbà ìpàdé CITES ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti fi òfin de òwò odídẹrẹ́ ìgbẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde lọ́dún kan náà fi hàn pé ní Gánà, iye ẹyẹ náà ti dín kù ní ìwọ̀n 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún láti 1992. Àwọn tí wọ́n fẹ́ ẹyẹ tí ń sọ̀rọ̀ nínú ilé wọn ní ilẹ̀ òkèèrè, àti àwọn tí ń gé igi ńlá tí odídẹrẹ́ ń yé sí nínú ihò rẹ̀, ni wọ́n ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibi yìí. Èyí ni àfihàn nípa odídẹrẹ́ sábà máa ń sọ, òtítọ́ sì ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Ọmọ Yorùbá tí ó bá dúró níwájú àgò náà kò rí ẹyẹ onílé lásán. Ó rí ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa inú ìrù tí à ń fi sí iwájú orí ìyàwó òrìṣà, tí ó ní iṣẹ́ nínú oyè jíjẹ àti nínú ọ̀pọ̀ ètùtù. Ó rántí àtẹ àwọn lékulẹ́ja ní ọjà wa. Ó rántí ọjà Akodéssewa ní Lomé, níbi tí orí ẹranko àti ẹyẹ gbígbẹ ti wà nílẹ̀ lọ súà. Bí pátákó kò bá sọ ohunkóhun nípa ìyẹ́, yóò rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó àti ẹyẹ inú ilé wọn ni, kò kan òun. Bí pátákó bá sì sọ ọ́ bí ẹni tí kò mọ ohun tí ìkóódẹ jẹ́, tí ó pè é ní ìgbàgbọ́ asán, yóò bínú, yóò sì kúrò níbẹ̀. Lọ́nà méjèèjì, kò kẹ́kọ̀ọ́ kankan.

Ọ̀nà kẹta wà. Odídẹrẹ́ a máa pa ìyẹ́ dà fúnra rẹ̀. Ìyẹ́ pupa a máa bọ́ sílẹ̀ láìsí ẹ̀jẹ̀ àti láìsí àtè. Ìkóódẹ tí ó bọ́ fúnra rẹ̀ pupa bíi ti èyí tí a fà tu. Òtítọ́ ni pé òfin kan náà tí ó de òwò ẹyẹ kọjá ààlà de ìyẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà a kò sọ pé kí ibùdó di ọjà. Ohun tí a ń sọ ni pé kí àfihàn gbé ìyẹ́ kan tí ó bọ́ sílẹ̀ sínú gíláàsì, kí ó pè é ní orúkọ rẹ̀, kí ó sọ ohun tí ó jẹ́ fún àwọn tí ń lò ó, kí ó sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: báwo ni a ó ṣe máa rí i lẹ́yìn ọdún 50, bí a bá ń pa ẹni tí ń bí i? Ìbéèrè yẹn, inú àṣà ni ó ti wá. Àgbà tí ó bá gbọ́ ọ kò ní bínú, yóò ronú.

Ẹ̀fẹ̀ ti kọ́ wa tẹ́lẹ̀

Ẹnì kan lè sọ pé à ń béèrè ohun tí ó ju agbára ibùdó lọ. Owó oúnjẹ ẹranko ni ó kọ́kọ́ jẹ wọ́n lógún, kì í ṣe ti pátákó. Ẹlòmíràn lè sọ pé àlejò tí a bá bá wí kò ní padà wá, owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yóò sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Àwíjàre méjèèjì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ̀ láti inú àṣà tiwa pé a lè bá ogunlọ́gọ̀ wí ní gbangba kí wọ́n sì tún padà wá lọ́dún tí ń bọ̀.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni à ń sọ. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ṣùgbọ́n kí UNESCO tó mọ̀ ọ́n ni àwọn ará Kétu ti ń fi kọ́ ọmọ wọn. Ejò, ẹyẹ, ìjàpá àti ẹranko mìíràn wà lórí àwọn ère rẹ̀. Wọn kò wà níbẹ̀ fún ẹwà nìkan. Wọ́n ń ṣojú fún ìwà ènìyàn. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, òṣèré a máa bá ìlú sọ̀rọ̀, a máa fi ẹ̀rín tú àṣírí olè, onírọ́ àti aláṣẹ tí ń ṣi agbára lò. Ẹni tí wọ́n ń bá wí lè wà láàárín èrò, kí ó máa rẹ́rìn-ín títí yóò fi mọ̀ pé òun ni. Kò sí ẹni tí ó sọ pé nítorí ìyẹn òun kò ní wá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́.

Ìwọ̀n tí a fi ń wọn àfihàn Limbe àti ti Nairobi nìyẹn, a kò sì yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ère ẹranko lórí àwọn òṣèré wa ń mú wa wo ara wa. Ẹranko tòótọ́, tí ó ní orúkọ, tí ó ní ìtàn, tí ó ń mí níwájú wa, kò yẹ kí ó ṣe kéré sí èyí. Ní ti owó, sísọ òtítọ́ kò béèrè gíláàsì tàbí ẹ̀rọ. Olùtọ́jú kan tí ó mọ ìtàn Oyin dé òpin, tí wọ́n sì fún láyè láti sọ ọ́, tó ọgọ́rùn-ún pátákó.

Ìdájọ́ wa

Ní kúkúrú, a gbà pé iṣẹ́ ńlá ni Limbe ń ṣe, àti pé ó ní nínú ọwọ́ rẹ̀ ìtàn tí ó lè kọ́ Áfíríkà lẹ́kọ̀ọ́: ìtàn ìwé irọ́ kan, ìnàkí mẹ́rin, orílẹ̀-èdè mẹ́rin. Ohun tí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ṣì jẹ àlejò ní gbèsè ni pé kí ó sọ ìtàn náà títí yóò fi kan àlejò fúnra rẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ ní èdè tí ó lè wọ̀ ọ́ lára. Àwa tí a ń sọ Yorùbá àti Faransé ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà lára àwọn àlejò yẹn, ìbáà jẹ́ pé ẹsẹ̀ wa kò tíì tẹ Limbe rí.

Ní ti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ kan wà tí ẹ lè ṣe láìdúró de ibùdó kankan. Ẹ mú ẹranko kan tí a ń tà ní ọjà yín, ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ kọ pátákó tirẹ̀ ní èdè méjèèjì tí ìwé ìròyìn yìí ń sọ. Ẹ kọ orúkọ tí àwọn àgbà ń pè é, ibi tí wọ́n ti mú un, ọwọ́ mélòó ni ó gbà kọjá kí ó tó dé orí àtẹ, ta ni ó fẹ́ ẹ, kí ni ó sì fẹ́ fi ṣe. Ẹ má ṣe dúró sí ọ̀dọ̀ ọdẹ. Ẹ máa bá ìtàn náà lọ títí yóò fi dé ilé ẹnì kan tí ẹ mọ̀.